Ẹ̀yìn ti ń ro mí láti bí ọdún mẹ́rin: ṣé kí n padà sọ́dọ̀ físíò ni àbí kí n máa lọ síbi okùn yógà?

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ọmọ Oròkí, ará Òṣogbo wa. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí tí ẹ̀yìn ti ń yọ mí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì ti wá ń kó mi láyà sókè. Àdìrẹ ni mo ń ṣe, oníko àti ẹlẹ́kọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, èèyàn á ri aṣọ sínú ìkòkò, á fà á sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rì í padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí aró á fi mú un dáadáa, aṣọ yáàdì márùn-ún tó bá sì ti mu omi tán kì í ṣe ẹrù kékeré. Mo rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, mo yíra láti jù ú sórí okùn, nǹkan kan ṣe "tá" ní ìbàdí mi lápá òsì, mo bá dúró gbári, mi ò lè lọ síwájú mi ò lè padà sẹ́yìn, àwọn ọmọṣẹ́ ló wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Látọjọ́ náà ó máa ń ti ìbàdí sọ̀ wá sí itan, ó ń ta mí dé ẹ̀yìn orúnkún, ìgbà mìíràn ó máa ń dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ kẹ́místì tí mi ò lè kà á mọ́. Nígbà tó yá mo lọ sọ́sibítù, wọ́n ya x-ray, wọ́n ní dísíìkì ni, nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ físíò, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun láìlo iṣẹ́ abẹ. Mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ iná gbígbóná kan ni wọ́n máa ń tàn sí mi lẹ́yìn, wọ́n á lẹ nǹkan kan tó ń ṣe ṣìnìnì mọ́ mi lára, ogún ìṣẹ́jú, ó parí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara á tù mí títí n ó fi wọ kórópe, nígbà tí mo bá fi máa délé ó ti padà. Kò sẹ́nì kankan tó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo bá jáwọ́ níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ síbì kan tí wọ́n ń ṣe yógà. Wọ́n kan irin mọ́ ògiri, wọ́n so okùn kọ́ ọ, wọ́n fi bẹ́líìtì gbòòrò dì mí ní ìbàdí, wọ́n bá dojú mi kọlẹ̀, orí nílẹ̀ ẹsẹ̀ lókè bí àdán. Ẹ̀rù bà mí o. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí nǹkan tú ní ẹ̀yìn mi, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí aláàárù. Mo sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ní ogún ìgbà ni mo gbọ́dọ̀ wá kí dísíìkì tó padà sáyè ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n san owó ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó ọwọ́ mi kò lè gbé físíò àti okùn pọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, èwo ni kí n ṣe?

Dẹ́rẹ́bà Old Garage:
Mọ̀mọ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yìn tèmi náà ṣe báyìí, Òṣogbo sí Ìbàdàn ni mo ń sá lójoojúmọ́. Ẹ má san owó ogún ìgbà fún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan o, ì báà ṣe físíò ì báà ṣe yógà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn kí n tó sọ tèmi.

Físíò Ògo-Olúwa:
Ẹ kú ìrora mà. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe níbí, Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun mo ní láti bi yín ní nǹkan, ẹ má bínú tó bá jọ ìwọ̀sí. Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kì í bọ́ lára yín láìmọ̀? Ṣé ẹ ṣì ń mọ̀ ọ́n lára tí ẹ bá ń fọ abẹ́ yín, àbí ibẹ̀ ti kú tipiri? Ṣé ẹsẹ̀ òsì yẹn kì í wọ́ nílẹ̀, tí bàtà á máa yọ kúrò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ ò rù láìnídìí, ṣé ibà kì í mú yín lálẹ́, ṣé kò sí ikọ́ tó ti pẹ́ lára yín? Tí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá wà, ẹ pa físíò tì ẹ pa okùn tì, ọsibítù lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ikọ́ fée máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, mo ti rí i nílùú yìí, ẹni tó bá wá gbé irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí okùn lè sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí kò lè rìn mọ́.

Tí kò bá sí ìkankan nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ okùn. Ara tó tù yín yẹn kì í ṣe irọ́. Tí wọ́n bá fa ẹ̀yìn, iṣan tó ti le á dẹ̀, àárín àwọn eegun á fẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń fún iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ẹsẹ̀ á dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn lẹ ṣe gbọ́ tí nǹkan tú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa dìde dúró, tí ẹ bá sì ti dìde, gbogbo ìwúwo yín á tún jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Okùn tó máa ti dísíìkì padà sáyè ẹ̀ tí á sì dúró síbẹ̀, kò sí. Àwa náà ní ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀yìn ní físíò, tírákṣọ̀n là ń pè é, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, àmọ́ nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí jọ tí wọ́n wò wọ́n pọ̀, ẹni tí wọ́n fà àti ẹni tí wọn ò fà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. December 2023 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára, fífa ẹ̀yìn wà lára ohun tí wọn ò fọwọ́ sí, bẹ́líìtì ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni eré ìdárayá tí wọ́n là sílẹ̀ fún aláìsàn, kí wọ́n là á lóye nípa ìrora ara ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ bá a tẹ ẹ̀yìn nígbà mìíràn, àti irú oògùn ìrora kan. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o mà, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ẹ̀yìn ríro lágbàáyé ní 2020.

Ọ̀rọ̀ x-ray náà, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. X-ray kì í fi dísíìkì hàn, eegun ló ń fi hàn. MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ló máa ń fi dísíìkì hàn, òun gan-an ẹ kó ẹni tí nǹkan kan ò ro lọ ya á, ẹ máa rí dísíìkì tó wú nínú ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tó bá sì yọ lóòótọ́, ara fúnra ẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ kéré bí oṣù ti ń gorí oṣù. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "dísíìkì" yẹn dẹ́rù bà yín bíi pé ẹ̀yìn yín ti fọ́.

Iná àti ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ yín yẹn, ó dùn mí. Ó lè dín ìrora kù lọ́jọ́ náà, kò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ṣe, wọn ò tíì ṣe físíò fún yín. Físíò tí kò wo bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí kò wo bí ẹ ṣe ń gbé ẹrù, tí kò fún yín ní nǹkan tí ẹ máa ṣe nílé, kí ni ó ti ṣe?

Ọmọ Oròkí tó kàwé ní Pune:
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo gbé ní Pune ní India fún ọdún mẹ́rin, ìlú yẹn gan-an ni okùn ara ògiri yìí ti di olókìkí, lọ́wọ́ Bàbá B.K.S. Iyengar, tí wọ́n bí ní 1918 tó sì kú ní 2014. Bàbá yẹn, àìsàn ló fi ṣe ọmọdé, ibà, taifọ́ọ̀dù, ikọ́ fée, òun fúnra ẹ̀ ló fi yógà gba ara ẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbájú mọ́ bí aláìlera ṣe máa ṣe é, ló bá ń lo okùn, àga, bẹ́líìtì, pákó, kí ẹni tí ara ẹ̀ kò gbà lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì. 1975 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní Pune.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Ẹ̀yìn ń ro mí níbẹ̀ nítorí jíjókòó ka ìwé, mo lọ sọ́dọ̀ tísà kan, ìyá àgbà kan ni. Mo rí okùn lára ògiri, mo ní kí wọ́n gbé mi kọ́. Ó ní rárá. Oṣù méjì gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn, ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n gbé ẹsẹ̀ sórí àga, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ó sì kọ oògùn tí mò ń lò sínú ìwé kan tó ní. Nígbà tó wá fún mi ní okùn, ṣe ló fi í sí mi ní itan òkè, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ìdí lókè, orí ń rọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi ò kúrò nílẹ̀. Ìyẹn náà ń fa ẹ̀yìn o, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá wá dojú ìyá wa kọlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àlékúwodò:
Mò ń kà á bọ̀ látòkè mò ń retí kí ẹnìkan bèèrè. Mọ̀mọ́, ṣé wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí wọ́n tó dojú yín kọlẹ̀? Ṣé wọ́n bi yín nípa ojú? Torí tí orí bá wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà lókè, ẹ̀jẹ̀ á ya sí orí, ìfúnpá inú ojú á lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ní glaucoma, àìsàn ojú tó ń fọ́ni lójú díẹ̀ díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dán an wò, àwa aláwọ̀dúdú apá ibí yìí sì ni glaucoma ń bá fínra jù, ọ̀pọ̀ ni kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà lójú àwọn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, ọlọ́kàn, aboyún, ẹni tí eegun ẹ̀ ti gbó tó ti ń ṣẹ́, gbogbo wọn kó má ṣe.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Yéè! Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ó ti lé lọ́dún méjì, amlodipine ni wọ́n kọ fún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì sọ, mi ò mọ̀ pé ó kan ẹ̀yìn. Ó tún wá rántí mi báyìí, nígbà tí wọ́n gbé mi dìde lọ́jọ́ yẹn ojú mi ṣú fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n fún mi lómi mu.

Físíò, ẹ ṣeun gan-an. Gbogbo ohun tí ẹ bèèrè, mo dúpẹ́, kò sí ìkankan. Ìtọ̀ kò yọ mí lẹ́nu, mi ò rù, n kì í wúkọ́. Ẹsẹ̀ ni ó máa ń kú tipiri nígbà mìíràn àmọ́ kì í wọ́.

Nọ́ọ̀sì Àlékúwodò:
Ẹ dákun mà, ẹ má padà síbẹ̀ láti gbé orí sílẹ̀ mọ́. Ẹ lọ wo BP yín, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, lọ́la, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo ojú yín. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kẹ́místì náà, mi ò fẹ́ fo ó. Àwọn abẹ́rẹ́ àti oògùn ìrora yẹn, tí èèyàn bá ń lò ó lọ títí, ó ń dá ọgbẹ́ sínú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì tún ń gbé BP sókè. Abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n bá gún síbi tí kò yẹ, ó lè ba iṣan ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, a sì ń rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún dọ́kítà tó ń wo BP yín gbogbo ohun tí ẹ ti gbà.

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ gbèjà yógà díẹ̀ torí ó ti fẹ́ dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ni kò dáa. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe níbí, gbígbé èèyàn ni látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn mi kú. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ físíò, ó kọ́ mi dáadáa, àmọ́ èmi ni mi ò ṣe é nílé, mo máa ń délé ní alẹ́ ó máa ń rẹ̀ mí, ìwé tó fún mi wà lára fìríìjì títí ó fi pọ́n. Yógà ni mo lọ tán tí mo tẹra mọ́, torí ọjọ́ Thursday ni, àwa obìnrin mẹ́jọ la jọ ń ṣe é, tí n ò bá dé wọ́n á pè mí. Ìyẹn ló wò mí sàn, pé mo ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Boston ní Amẹ́ríkà, 2017 ni wọ́n gbé e jáde, 320 èèyàn tí ẹ̀yìn wọn ti ń ro tipẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta, àwọn kan ṣe yógà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, àwọn kan lọ sọ́dọ̀ físíò ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín àkókò kan náà, wọ́n fún àwọn tó kù ní ìwé kà. Yógà kò rẹ̀yìn sí físíò. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ka yógà mọ́ ohun tí èèyàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú kí ó tó fọwọ́ kan oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, yógà orí ẹní ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nínà ara àti fífún ara lágbára, kì í ṣe ká gbé èèyàn kọ́ bí àdán.

Físíò Ògo-Olúwa:
Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Tó bá jẹ́ yógà lẹnìkan máa tẹra mọ́, kó ṣe yógà. Ìjà tèmi kò sí pẹ̀lú yógà, ẹni tó ń ta "ogún ìgbà dísíìkì á padà" ni mò ń bá jà. Ibi tí mo ti ń sọ pé kí mọ̀mọ́ kọ́kọ́ rí físíò ni pé ìrora wọn ń lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń kú, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn yẹn, kó dán agbára ẹsẹ̀ wò, kó tó di pé wọ́n ń nà án. Kí wọ́n bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ físíò náà o, Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń fún wa, ẹni tó bá ní i kò ní bínú pé wọ́n bèèrè.

Ọmọ Ìjọ Dada Estate:
Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kékeré, ṣé yógà yìí kì í ṣe ìsìn àwọn ará India? Wọ́n kìlọ̀ fún wa ní ìjọ wa.

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù:
Ó ti inú ẹ̀sìn wọn wá lóòótọ́, àwọn kan sì ń fi ṣe ìsìn títí dòní, mi ò ní bò ó. Níbi tí mo ń lọ kò sí orin, kò sí àdúrà, nínà ẹsẹ̀ nínà apá ni. Tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ má ṣe é, físíò á kọ́ yín ní ìnàra tó fara jọ ọ́ láìsí orúkọ yẹn ńbẹ̀.

Bàbá Àlùfáà Òkè-Bàálẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á fún gbogbo yín ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọdún méjì ni mo fi kírun lórí àga, torí ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ bó ṣe máa ń rí, kí gbogbo sọ́fù fi iwájú orí kanlẹ̀ kí ìwọ nìkan jókòó bí ẹni ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ti fi okùn fà mí rí, kì í ṣe ti yógà, ti ọsibítù ni, wọ́n so ìwúwo mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá. Mo dìde níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò lè gbé mi.

Físíò kan, ọmọ kékeré ni, ọmọbìnrin, òun ló bi mí léèrè pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa ṣe tí ẹ ò lè ṣe?" Mo ní mo fẹ́ ṣe rúkúù, mo fẹ́ forí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, ibẹ̀ la máa lọ. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yìn wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe rúkúù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé orí sórí àpótí. Nígbà tó yá, sórí ìrọ̀rí méjì. Ó di ìrọ̀rí kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi iwájú orí kan ẹní, omi bọ́ lójú mi, mi ò tètè gbórí sókè, ìmáámù ti sálámà tán. Aláró, ìwọ ọmọ mi, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún wọn, má kàn sọ ibi tó ń dùn ọ́.

Dẹ́rẹ́bà Old Garage:
Àmín bàbá. Tèmi kò gùn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wọ bẹ́líìtì ẹ̀yìn, òógùn, ooru, ara yíyún, mo rò pé òun ló gbé mi dúró. Físíò ní kí n bọ́ ọ díẹ̀ díẹ̀. Ó tún bi mí kí ló wà ní àpò ẹ̀yìn mi, pọ́ọ̀sì ni, owó àti ìwé ọkọ̀ kún inú ẹ̀, ìdí kan ga ju ìkejì ni mo fi ń wa ọkọ̀ látọjọ́ yìí wá. Mo yọ ọ́ síwájú. Báyìí tí a bá dé Ìkirè tí àwọn èrò bá ń ra dòdò, èmi á sọ̀ kalẹ̀, mo máa yí ọkọ̀ po ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí n tó padà sídìí sítíárì. Kò parẹ́ pátá o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ń wa ọkọ̀ mi.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó bí oṣù mẹ́ta tí mo bèèrè, mo ní kí n wá jábọ̀ torí ẹ ti nára fún mi.

Mi ò padà síbi okùn. BP mi ga lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, wọ́n fi kún oògùn mi, ojú mi kò ní nǹkan kan. Mo lọ sọ́dọ̀ físíò mìíràn, mo sì ṣe bí bàbá ṣe ní kí n ṣe, mo ní, "Mo fẹ́ ri aṣọ láàárọ̀ títí di ọ̀sán láìjókòó." Ó fi òòlù kékeré gbá mi lórúnkún, ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn kí n fi ọmọ ìka rìn, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè títí ó fi ta mí. Ó wá ní kí n da ikùn délẹ̀, kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà sókè bí aláǹgbá, kí ìbàdí wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìgbà àkọ́kọ́ ìbàdí ro mí gan-an, mo fẹ́ sunkún. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ẹsẹ̀ ti dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń wá nìyẹn, pé tí ìrora bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bọ̀ wá sí ìbàdí, ó ń bọ̀ wálé nìyẹn.

Lẹ́yìn wákàtí méjì méjì ni mò ń ṣe é láti ìgbà yẹn, lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó ti fi kún un, gbígbé ìdí sókè, rírìn láàárọ̀, gbígbé garawa omi tó kún díẹ̀ díẹ̀.

Físíò Ògo-Olúwa:
Ẹ kú oríire mà! Ìdánwò aláǹgbá yẹn, Robin McKenzie ló mú un wá, físíò kan, ará New Zealand. 1956 ni, aláìsàn kan wọlé, wọ́n ní kó da ikùn délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò mọ̀ pé ìgbérí bẹ́ẹ̀dì náà ti ga sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí McKenzie dé, àyà ẹ̀ já, ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ òun kò tíì rọrùn tó báyìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló gba ti aláǹgbá o, ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé títẹ̀ síwájú lara ẹ̀ fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí ẹ tó ṣe é nílé.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Kò rọ̀ mí lọ́rùn gbọrọ bẹ́ẹ̀ o. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ní August, iṣẹ́ wọlé, àwọn àlejò ń ra àdìrẹ, mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin láìsinmi, ó padà ta mí dé orúnkún. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Físíò ní kò bàjẹ́, kí n dín ẹrù kù, kí n má dá aláǹgbá dúró, ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ó rọlẹ̀. Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù náà ń pè mí lórí WhatsApp ní Sunday ìrọ̀lẹ́, a jọ ń nara, físíò ti wò ó, ó ní kò burú, kí n ṣáà má gbé orí sílẹ̀ ju ọkàn lọ.

Ọmọ Aláró Ọjà Ọba:
Mọ̀mọ́ ẹ kú oríire. Báwo lẹ wá ṣe ń ri aṣọ láìbẹ̀rẹ̀? Ìkòkò aró tiwa ti wọlẹ̀ dé ọrùn, ìyá mi náà ti ń di ìbàdí mú.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ọmọ mi, ìkòkò ìyá mi ṣì wà nílẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀ fún, wọ́n ń gba ara wọn ní ìpààrọ̀. Èmi gbé dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì lé orí búlọ́ọ̀kù, ibẹ̀ ni mo ti ń ri tèmi. Mo gbé pákó kan dábùú ẹnu ẹ̀, tí mo bá fa aṣọ jáde mo máa kó o lé pákó yẹn kó ro sínú dúrọ́ọ̀mù padà kí n tó gbé e lọ sórí okùn, torí omi ló wúwo, kì í ṣe aṣọ. Aró tí ìbá sì ṣòfò sílẹ̀ padà sínú ẹ̀. Ẹ wọn ọ́n mọ́ ìdodo ìyá yín kí ẹ tó pe bíríkìlà o. Ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe ga jù, èjìká ló wá ń ro mí, a ní láti yọ búlọ́ọ̀kù ìlà kan kúrò.